Bàtà Tó Kọjú Síta

Ní Ìwó níbi tí Àsúmáù dàgbà sí, ẹni tó bá fọwọ́ kan bàtà tí kì í ṣe tiẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, olè ni. Kò sí àlàyé mìíràn. Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni wọ́n gbé bàtà bàbá ẹ̀ lọ kí ìrun tó parí, tí bàbá fi ẹsẹ̀ lásán rìn délé nínú oòrùn ọ̀sán, tí wọ́n ń kí àwọn èèyàn lọ́nà bí ẹni pé ó wù wọ́n bẹ́ẹ̀. Àsúmáù ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn, ó ń wo gìgísẹ̀ wọn. Ojú tì í dé eegun. Láti ìgbà náà, bó bá lọ kírun níbi tí èrò bá pọ̀ sí, inú ọ̀rá ló ń kó bàtà ẹ̀ sí, á sì gbé e síwájú ara ẹ̀ bí ọmọ tuntun.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ èyí, kẹ́ ẹ má bàa bú u jù tẹ́ ẹ bá gbọ́ ohun tó lọ ṣe ní Surrey Quays, ní London.

Tíṣà ni Àsúmáù. Ìṣirò ló ń kọ́ àwọn ọmọ, ó sì mọ̀ ọ́n kọ́. Nígbà tó dé London, ọ̀dọ̀ Aunty Hàlímọ̀tù, ìbátan ìyá ẹ̀, ló dé sí ní Peckham, nínú yàrá kékeré kan tí fèrèsé ẹ̀ kọjú sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ẹlẹ́ran ní Rye Lane. Iṣẹ́ tó rí dà bí àlá lójú ẹ̀: ilé-ìwé kékeré kan tí àwọn ará Jàpáànù dá sílẹ̀ fún àwọn ọmọ wọn ń wá tíṣà tó máa fi èdè Òyìnbó kọ́ wọn ní ìṣirò. Bó bá wọ ọkọ̀ ojú irin ní Queens Road, kó tó jókòó dáadáa, ó ti dé Surrey Quays.

Wọ́n ní àwọn máa fi sáà kan wò ó ná. Bí wọ́n bá gbà á wọlé pátápátá, ilé-ìwé á bá a kọ̀wé sí ìjọba kí Làtíìfù ọkọ ẹ̀ àti Yusrah ọmọ wọn lè wá bá a. Bí wọn ò bá gbà á, kó di ẹrù ẹ̀. Ọmọ ọdún méje ni Yusrah. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń ríra lórí fóònù, ìbéèrè kan náà ló ń bi ìyá ẹ̀: ṣé wọ́n ti gbà yín, Mummy? Ìyá á ní ó kù díẹ̀. Ọmọ á wá yí fóònù kọjú sí àjà kí wọ́n má bàa rí ojú òun. Àsúmáù á máa wo àjà ilé ẹ̀ ní Ìwó títí ọmọ á fi padà wá.

Ìfura loògùn àgbà, Aunty Hàlímọ̀tù sì ti mu oògùn náà yó. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni wọ́n ń ṣe ní Nunhead, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń gbé pẹ̀lú àwọn èèyàn ilẹ̀ yìí, wọn ò sì gba ẹnì kankan gbọ́. Bí káńsù bá kọ̀wé pé àwọn fẹ́ tún títì ṣe, Aunty á ní kí ni wọ́n fẹ́ rì mọ́bẹ̀. Bí aládùúgbò bá rẹ́rìn-ín sí wọn, wọ́n á kọ́kọ́ yẹ ara wọn wò bóyá aṣọ ló ya. Àwọn ni wọ́n sọ ìtàn Sherifdeen fún Àsúmáù, ọmọkùnrin tí ọ̀gá ẹ̀ dì mọ́ra nírọ̀lẹ́ Fúráìdè, tó kí i kú iṣẹ́, tó sì lé e dànù láàárọ̀ Mọ́ńdè. Aunty ní Òyìnbó tá a mọ̀ nìyẹn o. Àwọn ará Jàpáànù tí ẹnikẹ́ni ò mọ inú wọn ńkọ́?

Àsúmáù gbé ìfura yìí dé ilé-ìwé, ó sì rí ohun tó fi ń bọ́ ọ. Kò sẹ́ni tó jágbe mọ́ ọn níbẹ̀, ìyẹn gan-an ló kọ́kọ́ kó o lọ́kàn sókè. Níbi tó ti ń bọ̀, bí ọ̀gá bá ń bínú sí ẹ, gbogbo ilé-ìwé ló máa gbọ́. Màdáàmù Morita, ọ̀gá ibẹ̀, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju Àsúmáù lọ lọ́jọ́ orí, á kàn wá dúró sẹ́yìn kíláàsì, á káwọ́ síwájú, á wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, á tẹrí ba, á bá tiẹ̀ lọ. Ṣé ó dáa ni àbí kò dáa? Kò ní sọ. Lọ́jọ́ kan, bàbá ọmọ kan ní kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ òun máa pẹ́ dé láàárọ̀. Màdáàmù Morita fa èémí sínú láàárín eyín, ó ní ìyẹn á ṣòro díẹ̀. Àsúmáù rò pé wọ́n máa gbìyànjú fún bàbá náà ni. Kò pẹ́ tó fi yé e pé bí obìnrin yìí bá ti ní nǹkan á ṣòro díẹ̀, ó parí nìyẹn.

Ẹnì kan tún wà lẹ́nu ọ̀nà, Màmá Tanabe. Opó ni wọ́n, wọn ò sì ní ọmọ kankan nílẹ̀ yìí. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe gan-an ò yé Àsúmáù. Wọ́n kàn máa ń wá láàárọ̀, wọ́n á kí ọmọ kọ̀ọ̀kan káàbọ̀, wọ́n á nu pákó tí wọ́n ń to bàtà sí, torí pé kò sẹ́ni tó ń wọ bàtà ìta wọ ilé-ìwé náà. Sìlípáàsì ni gbogbo wọn ń wọ̀ nínú. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, màmá tẹrí ba fún Àsúmáù. Ọmọ Ìwó ni, kò lè dúró kí àgbà máa tẹrí fún òun, ló bá kúnlẹ̀. Màmá tún tẹ̀ sí i. Àsúmáù náà tún tẹ̀ sílẹ̀ sí i. Àwọn ọmọ dúró, wọ́n ń wò wọ́n bí ẹni wo eré.

Ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ bàtà bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń bọ́ bàtà ní mọ́ṣáláṣí ni Àsúmáù ṣe bọ́ tiẹ̀: ó yọ ẹsẹ̀ kúrò nínú ẹ̀, ó wọlé, bàtà kọjú sínú ilé. Nígbà tó ń lọ sílé, bàtà ti kọjú síta, ó tò gún régé. Kò kọbi ara sí i. Ọjọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ọjọ́ kẹta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo bàtà àwọn ẹlòmíràn. Bàtà àwọn tíṣà yòókù náà kọjú síta, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó rí i pé ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi ń yí i bí wọ́n bá dé. Tiẹ̀ nìkan ni ọwọ́ ẹlòmíràn ń kàn.

Ó sọ fún Aunty nílé. Aunty gbé síbí ọbẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n ní ṣé ó ní bàtà ń kọjú síta? Wọ́n ní kí ló tún fẹ́ gbọ́? Ẹni tó bá fẹ́ kí àlejò máa lọ, tí kò sì fẹ́ fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́, ọ̀nà ló ń kọ bàtà ẹ̀ sí. Wọ́n tún ní bí kì í bá ṣe lílọ, a jẹ́ pé wọ́n fẹ́ fi bàtà náà ṣe nǹkan, kó má fi ṣeré o. Àsúmáù ò sùn dáadáa lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní abèèrè kì í ṣìnà, ẹnu ò sì wọ́n ọn, bíbèèrè ì bá ti parí ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣọ́ olè kì í bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ olè.

Ó dẹ pańpẹ́. Ó mú ẹ̀pà ẹyọ kan, ó fi í sínú bàtà ọ̀tún, ó ní kí òun wò ó bóyá ọwọ́ ń wọ inú ẹ̀. Nígbà tó ń lọ, bàtà ti yí kọjú síta, ẹ̀pà ò sì sí nínú ẹ̀ mọ́. Ẹ̀gbẹ́ bàtà ló wà, lórí bébà funfun pélébé kan tí wọ́n ká nígun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bí ẹni pé ohun iyebíye ni. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo. Aunty ní ó dáa náà, wọ́n ti mọ̀ pé ó ń ṣọ́ àwọn, wọ́n sì ti fi hàn án pé àwọn mọ̀.

Bó ṣe padà sí ọgbọ́n mọ́ṣáláṣí nìyẹn. Ó kó bàtà sínú ọ̀rá dúdú, ó gbé e wọ kíláàsì, ó fi sábẹ́ tábìlì ẹ̀. Háà, ẹ wá wo ojú àwọn ọmọ. Bàtà tó ti gba gbogbo ìdọ̀tí Rye Lane kọjá, nínú ilé tí wọn ò ti lè fi bọ́tìnì kan sílẹ̀ nílẹ̀! Ọmọbìnrin iwájú rọra fa àga ẹ̀ sẹ́yìn. Màdáàmù Morita wọlé, ó wo ọ̀rá náà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní bàtà nínú kíláàsì, ìyẹn á ṣòro díẹ̀. Àsúmáù gbé e padà sẹ́nu ọ̀nà. Sáà ti ń parí lọ.

Ọ̀sán ọjọ́ náà, òjò ti rọ̀ láàárọ̀, àwọn ọmọ ń ya àwòrán lọ́dọ̀ tíṣà mìíràn. Àsúmáù rọra yọ́ jáde, kò tilẹ̀ wọ sìlípáàsì kó má bàa dún. Ó yọjú sí ẹnu ọ̀nà. Màmá Tanabe wà lórí ìkúnlẹ̀, bàtà Àsúmáù wà lórí itan wọn, wọ́n ń fi áńkáṣíìfù wọn nu ẹrẹ̀ ara ẹ̀.

Ká ní wọ́n dúró ni, bóyá kì bá tí rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí Àsúmáù ti wá, àgbà kì í kúnlẹ̀ ti bàtà ọmọdé láìní ìdí, ìdí náà kì í sì í dáa. Orí ẹ̀ wú. Kó tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti já bàtà gbà lọ́wọ́ wọn, ọwọ́ òsì ló sì fi já a.

"Kí lẹ ń fi bàtà mi ṣe?"

Màmá wo ọwọ́ ara wọn tó ṣófo, wọ́n wá dorí kodò títí iwájú orí wọn fi kan ilẹ̀, wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà ní àsọtúnsọ. Àsúmáù ò gbọ́ èdè Jàpáànù, ṣùgbọ́n kò sí èdè tí ẹ̀bẹ̀ ò yé èèyàn nínú ẹ̀. Ó gbá bàtà mọ́ àyà, ó yí padà.

Láti ọjọ́ kejì, bàtà wà bó ṣe ń fi í sílẹ̀, ó kọjú sínú. Màmá Tanabe náà ò wá mọ́. Àwọn ọmọ á dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n á wo ọ̀tún, wọ́n á wo òsì, wọ́n á wọlé láìkí ẹnì kankan. Nílé, Aunty ṣe alhamdulillah, wọ́n ní àṣírí ti tú, ẹni ibi ti sá. Àsúmáù náà ṣe àmín, ṣùgbọ́n àmín ọ̀hún ò dé ọ̀nà ọ̀fun. Iwájú orí arúgbó lórí ilẹ̀ ló ń rí.

Fúráìdè ni Màdáàmù Morita pè é. Àsúmáù rántí Sherifdeen, ó ní bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyí. Obìnrin náà bu tíì fún un. Ó ní àwọn òbí ń yin ìṣirò tó ń kọ́ àwọn ọmọ, òun náà gbádùn ẹ̀. Ó wá ní Màmá Tanabe ti ránṣẹ́ pé àwọn ò wá mọ́, pé àwọn ṣẹ tíṣà, ojú sì ń ti àwọn.

Àsúmáù ní bàtà òun ni wọ́n ń fọwọ́ kàn lójoojúmọ́. Màdáàmù Morita ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní nílé tiwọn, ẹni tó bá wọlé ló ń bẹ̀rẹ̀ yí bàtà ara ẹ̀ kọjú síta, kó bàa rọrùn fún un láti ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ bó bá ń lọ. Ọmọ ọdún mẹ́ta mọ̀ ọ́n. Bí àlejò ò bá mọ̀ ọ́n, ẹnì kan nínú ilé á bá a yí i láìsọ̀rọ̀, kí àwọn tó kù má bàa rí i, kí ojú má bàa tì í.

Ọ̀rọ̀ yìí bá Àsúmáù nínú. Ìyẹn ni pé láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà, ìyá arúgbó yìí ti ń bo òun láṣìírí, òun sì ń fi ẹ̀pà dẹ pańpẹ́ fún wọn. Ó béèrè pé kí ló dé tí ẹnì kankan ò sọ fún òun.

"Ẹ ò bèèrè," ni Màdáàmù Morita wí. Ó tún gbé kọ́ọ̀bù sílẹ̀. "Láti ọjọ́ tá a ti ṣílẹ̀kùn ni Màmá Tanabe ti wà níbí. Bí wọ́n bá wà lẹ́nu ọ̀nà ní Mọ́ńdè, a ò ní ọ̀rọ̀ kankan láti sọ, a máa kọ̀wé yín sí ìjọba. Bí wọn ò bá sí níbẹ̀, á ṣòro díẹ̀."

Àsúmáù mọ ohun tí ìyẹn jẹ́.

Lójú Aunty Hàlímọ̀tù, ìdẹkùn tuntun gbáà ni. Síbẹ̀, wọ́n mọ̀ pé ọmọdé kì í dá lọ bẹ àgbà, kó má bàa dà bí àfojúdi. Wọ́n wé gèlè, wọ́n ní kí wọ́n jọ lọ. Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n wọ báàsì 78 lọ sí Bermondsey, níbi tí Màmá Tanabe ń gbé nínú fúláàtì kan lẹ́yìn Tower Bridge Road. Aunty ń kìlọ̀ fún un lọ́nà pé kó má jẹ nǹkankan níbẹ̀.

Màmá ṣílẹ̀kùn, wọ́n rí wọn, wọ́n fà sẹ́yìn díẹ̀. Aunty bọ́ bàtà bó ṣe wù wọ́n, ọ̀kan kọjú sókè, ọ̀kan kọjú sódò. Àsúmáù ti mọ àṣà náà báyìí, ṣùgbọ́n ó mọ̀ọ́mọ̀ fi tiẹ̀ sílẹ̀ kọjú sínú. Ó ní bí màmá bá lè bá òun yí i, a jẹ́ pé ó ti tán nínú wọn. Ẹ rí i pé obìnrin yìí ò jáwọ́ nínú pańpẹ́.

Wọ́n wọlé, Àsúmáù sọ orúnkún méjèèjì kalẹ̀, ó ní kí wọ́n má bínú, òun ò mọ̀ ni. Màmá náà kúnlẹ̀, wọ́n dorí kodò. Àsúmáù ò lè dìde nígbà tí àgbà wà nílẹ̀. Màmá náà ò jẹ́ dìde. Aunty dúró láàárín wọn, wọ́n ń wo ọ̀tún, wọ́n ń wo òsì, nígbà tó sú wọn, àwọn náà kúnlẹ̀. Màmá ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kékeré kan. Màmá dìde lọ sí ilé ìdáná, wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà kọjá, wọ́n gbé tíì àti bisikíìtì wá. Aunty tó ní kí wọ́n má jẹ nǹkankan jẹ mẹ́ta. Wọn ò sọ̀rọ̀ púpọ̀, torí pé èdè Òyìnbó màmá ò tó nǹkan, ẹnì kankan ò sì dárúkọ Mọ́ńdè.

Nígbà tí wọ́n ń lọ, Àsúmáù ló ṣáájú dé ẹnu ọ̀nà. Bàtà Aunty ti kọjú síta, méjèèjì tò pọ̀ bí ìbejì. Tiẹ̀ wà bó ṣe fi í sílẹ̀.

"Ṣé o rí i?" ni Aunty sọ kẹ́lẹ́ sí i létí. "Kò tán nínú wọn. Jẹ́ ká máa lọ."

Omi lé sí Àsúmáù lójú. Ó rí ojú Yusrah, ó rí àjà ilé ní Ìwó. Ó ti na ẹsẹ̀ sí bàtà, ó ku kó kó sí i kó máa lọ bó ṣe máa ń lọ, kó lọ jókòó sí Peckham kó máa túmọ̀ ẹ̀. Ló bá fa ẹsẹ̀ padà. Ó yíjú sí màmá, ó fi èdè Òyìnbó tó rọrùn jù lọ bi wọ́n.

"Mummy, ẹ yí ti Aunty mi. Ẹ ò yí tèmi. Kí ló dé?"

Màmá wo bàtà náà. Wọ́n wo ọwọ́ wọn, ọwọ́ tí Àsúmáù ti já bàtà gbà lọ́jọ́sí, wọ́n rọra fà á mọ́ra.

"Mo bẹ̀rù yín," ni wọ́n wí.

Àsúmáù tí ẹ̀rù gbogbo ènìyàn ti ń bà láti ọjọ́ tó ti sọ̀kalẹ̀ nínú bàálù, kò rò ó rí pé ẹnì kan lè máa bẹ̀rù òun. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú bàtà ẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún màmá, bí wọ́n ṣe ń gbé nǹkan fún àgbà.

Màmá gbà á. Ó pẹ́ díẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n wá rọra bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé e kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Aunty, wọ́n yí i kọjú síta, wọ́n fi ìka kan tún ẹsẹ̀ òsì ṣe kó lè gún.

"Mọ́ńdè," ni wọ́n wí.